Ohun Tí Eku Kò Jẹ

Bí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá bi mí pé, "Àǹtí, báwo l'Èkó ṣe rí?" mo máa ń sọ fún wọn pé ó ń rùn. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mò ń ṣe àwàdà ni. Wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ afárá gígùn àti iná aláràbarà. Èmi ò mọ afárá kankan. Apápá àti Àjẹ́gúnlẹ̀ ni mo mọ̀, ó sì ń rùn, mo tún un sọ.

Kí n tètè jẹ́wọ́ irú ẹni tí mo jẹ́. Láti kékeré ni nǹkan ti máa ń rí mi lára. Mi ò lè mu omi nínú ife tí ẹlòmíràn ti fẹnu kàn. Bí eṣinṣin bá bà lé ọbẹ̀, mo ti yó nìyẹn. Ìyá mi a máa sọ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọba lo máa fẹ́ ni?" Mi ò fẹ́ ọba o. Àmúkòkò lẹ́bàá Àjẹ́gúnlẹ̀ ni mo lọ.

Sábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Faransé ti jọba lé wa lórí. Yorùbá ni wá. Mo gbà lọ́kàn mi pé bí mo bá dé Èkó, ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mo dé yẹn. Ọdún 1982 ni. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo gbé garawa lọ síbi ẹ̀rọ omi, mo kúnlẹ̀ kí àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà. Ọ̀kan wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ibo lèyí ti wá? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu."

"Àgànyìn ni," èkejì dáhùn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fẹsẹ̀ ti garawa mi sẹ́yìn ìlà. Èmi? Àgànyìn? Èmi tí bàbá mi ń ki mí ní oríkì ní gbogbo òwúrọ̀! Inú bí mi débi pé mo gbé garawa òfìfo padà sílé, òùngbẹ sì gbẹ mí títí di ọ̀sán. Ta ni mo fìyà jẹ? Ara mi ni.

Ilé pákó ni ilé tí mo ń gbé, lórí ilẹ̀ àbàtà, yàrá márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ṣáláńgá kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wa. Bí òjò bá rọ̀, gọ́tà á kún, ohun tó wà nínú ṣáláńgá á sì jáde wá kí wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ má bínú, bó ṣe rí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Létí omi dúdú yẹn ni obìnrin kan ti ń dín ẹja, tí àwọn èèyàn ń rà á, tí wọ́n ń lá ọwọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo bì sójú ọ̀nà, níwájú gbogbo èèyàn.

Obìnrin àgbà kan jáde láti yàrá tó wà níwájú, ó bu yẹ̀pẹ̀ sórí èébì mi, ó gbá a dànù, kò tiẹ̀ fajú ro. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbogbo wa." Ìyá Sílífá nìyẹn. Ọmọ Ọ̀ffà ni, mùsùlùmí ni, irun ló ń dì fún àwọn obìnrin àdúgbò lábẹ́ etí òrùlé. Sílífá tí wọ́n fi ń pè é ti kú kí n tó dé, kò sì bí òmíràn. Nígbà tó gbọ́ pé orí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mò ń sùn, ó fi aṣọ pín yàrá rẹ̀ sí méjì, ó ní kí n wọlé. Kò bi mí pé ibo ni mo ti wá. Ọdún mẹ́ta gbáko la jọ gbé kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀, kò pè mí ní àgànyìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mi ò níwèé ìgbélùú. Ẹni tí kò níwèé kì í ríṣẹ́ ọ́fíìsì, kódà kó jẹ́ ti ẹni tí yóò máa nu tábìlì. Ojú ọ̀nà ni mo ti ríṣẹ́, ní Wọ́ọ̀fù Róòdù. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń kó ìrẹsì, àgbàdo àti àlìkámà jáde láti èbúté létí omi, àpò wọn á sì máa jò. Àwa obìnrin á máa sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọwọ̀ àti asẹ́, à ń gbá ohun tó dà sílẹ̀ láàárín táyà sí táyà. Awakọ̀ á máa bú wa, "Una wan die?" Àwa náà á máa bú wọn padà. Epo ọkọ̀ wà nínú ohun tí à ń gbá, itọ́ wà níbẹ̀, ìgbẹ́ eku wà níbẹ̀, ìtọ̀ àwọn ọkùnrin tó ń dúró ti táyà wà níbẹ̀. Ṣìọ̀! A ó kó o délé, a ó fẹ́ ẹ, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó tà á. Àwọn tó ń rà á mọ ibi tó ti wá. Ebi ò kúkú mọ ìríra.

Èmi kì í jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbá ọkà ojú títì, mi ò fi ẹyọ kan kan ètè mi rí.

Àwa tí à ń gbá ọkà ní òfin kan. Obìnrin ẹ̀yà Ìjọ kan tó ṣe àgbà wa ló kọ́ mi. Bí ọkà kan bá wá tí ojú wa ò mọ̀ rí, a ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sétí gọ́tà níbi tí eku ń gbé, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. "Wetin rat no chop, no carry am," obìnrin náà sọ fún mi. Ó ní eku Apápá ń jẹ ọṣẹ, ó ń jẹ wáyà, ó ń jẹ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó sùn. Ohun tí irú eku bẹ́ẹ̀ bá kọ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, màá wẹ̀, màá wọ aṣọ tó mọ́, màá lọ sí pósọ́fíìsì ní Apápá láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Èèyàn á forúkọ sílẹ̀, á jókòó títí wọ́n á fi pè é wọnú àpótí tẹlifóònù. Tẹlifóònù ilé míṣọ̀n ni wọ́n ń lò ní Sábẹ̀ẹ́, ìyá mi á ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀ lórí itan.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màmá."

"Iṣẹ́ ọ́fíìsì ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa. Àwọn ẹrù tó ń ti òkè òkun wọlé ni mò ń bójú tó."

Irọ́ kọ́ pátápátá, àbí? Màá gbé tẹlifóònù sílẹ̀, màá dúró síta, màá sunkún níwájú àwọn èèyàn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní Sábẹ̀ẹ́, bí ojú ẹ bá pọ́n lásán, èèyàn mẹ́ta á bi ẹ́ pé kí ló ṣe ẹ́. Lẹ́nu ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó bi mí rí níwájú pósọ́fíìsì yẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n kúrò lójú ọ̀nà.

Mo rí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Àmúkòkò, abẹ́ páànù ni, ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ sì tóbi ju ilé ìsìn náà lọ. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀rí jíjẹ́ wọn máa ń rí mi lára: ẹni tí Ọlọ́run fún ní fáànù, ẹni tí Ọlọ́run lé onílé kúrò lọ́rùn rẹ̀. Wòlíì wa fẹ́ràn ẹ̀rí ju ìwàásù lọ. Ṣùgbọ́n ohùn orin wọn jọ ti ilé wa, bí a bá sì ń kọrin pọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé mò ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń lọ. Fún bíi wákàtí kan lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò kì í ṣe àgànyìn ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1985 burú. Ìjọba ní kí àjòjì tí kò níwèé máa lọ sílé, ọlọ́pàá sì ń gba ojúlé dé ojúlé. Èmi tí mò ń sọ Yorùbá, mo di ẹni tí kì í lanu níta. Bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀, ìka ni mo fi ń júwe rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fi dé ojú ọ̀nà, ọwọ́ mi sì gbẹ. Ọjọ́ tí mo tún jáde, ní ìdájí, odidi àpò kan jábọ́ lára ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń yà. Awakọ̀ ò mọ̀, kò dúró. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Mo tú u. Àgbàdo ni, ẹyọ rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n ó pupa. Kì í ṣe pupa àgbàdo. Ó pupa bí aṣọ tí wọ́n fi osùn pa. Mo rí àwòrán orí òkú lára àpò náà, pẹ̀lú egungun méjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn. Mo rí i. Mi ò ní sọ fún yín pé mi ò rí i. Mo sọ fún ara mi pé àpò etí omi ò kúkú ṣàìní àmì, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sétí gọ́tà bí òfin wa ṣe wí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó wà níbẹ̀ digbí. Eku ò tọ́ ọ wò. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo wá ní eku ti yó.

Ẹ wo ẹnu mi. Eku Apápá yó!

Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi àkọ́kọ́ pupa, ìkejì rẹ́ díẹ̀, ìkẹta mọ́ gaara. Inú mi dùn sí omi ìkẹta yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sá a sórí páànù, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kó gbẹ dáadáa, nítorí náà mi ò tíì rí i tà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run nítorí òjò yẹn, ìgbà yẹn mò ń ṣépè fún un ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo bọ́ síwájú, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, èmi tí ẹ̀rí jíjẹ́ ń rí lára, mo ní Ọlọ́run ju odidi àpò kan sílẹ̀ fún mi. Ìjọ pariwo halelúyà. Wòlíì jó yí mi ká.

Oṣù ààwẹ̀ àwọn mùsùlùmí ló bọ́ sí. Ìyá Sílífá ń gbààwẹ̀ bó ṣe dàgbà tó, ògì gbígbóná ló sì fi ń ṣínu. Mo bu àgbàdo náà kún abọ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ fi èyí ṣe ògì ìṣínu yín." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúrà fún mi, ó pẹ́ lórí rẹ̀: pé n ò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, pé ẹni tó bá bi mí ní ibi tí mo ti wá, ojú á tì í. Mo ṣe àmín, àmín.

Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ ro ó, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ó bu ife tirẹ̀, ó bu tèmi.

"Wá mu, ọmọ mi. Ìwọ lo ni àgbàdo."

"Ẹ ṣé, Ìyá. Mo ti yó."

Mi ò yó. Oúnjẹ ò kan ẹnu mi láti àárọ̀. Ojú títì ni àgbàdo náà ti wá, ó sì ń rí mi lára. Ìdí kan ṣoṣo nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ó já irun oníbàárà kan bó ṣe ń dì í. Àwọn aráalé ní ààwẹ̀ ló mú un, ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ta ló ní kó gbààwẹ̀? Nígbà tó di ọ̀sán, kò lè dìde mọ́, a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ibà ni. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ní kí n lọ mú ìró wá láti ilé.

Mo dé ilé. Lẹ́yìnkùlé, níbi tí Ìyá Sílífá ti máa ń da èèrí ògì sí fún adìyẹ onílé, adìyẹ mẹ́ta ló nà gbalaja. Ẹsẹ̀ wọn kọjú sókè.

Mo dúró lé wọn lórí. Mo gbàgbé ìró, mo sáré lọ sọ́dọ̀ Wòlíì.

Ó ń jẹun lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, èmi obìnrin dọ̀bálẹ̀, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: orí òkú, eku, omi pupa. Ó gbọ́ ọ tán, ó nu ẹnu rẹ̀.

"Ta lo tún sọ ọ́ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan, sà."

"Ó dáa. Má sọ ọ́. Ṣé o rántí pé orí pẹpẹ lo ti jẹ́rìí àgbàdo yẹn? Ṣé o fẹ́ dójú ti Ọlọ́run ni? O ò níwèé, wọ́n á mú ẹ, wọ́n á lé ẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bò ó. Gbàwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á fò lọ."

"Ìyá náà ńkọ́, sà?"

"Ìyá mùsùlùmí yẹn? Ọwọ́ Ọlọ́run ló wà." Ó fa egungun ẹran jáde lẹ́nu, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tó burú jù? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tù mí nínú. Bí mo ṣe ń jáde, àyà mi fúyẹ́. Mo ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ fún mi, àti pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mo lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò bá mi pa ilẹ̀kùn dé ni mo lọ. Ọkùnrin yẹn rí mi lára. Àmọ́ èmi àti òun, ta ló yàtọ̀ sí èkejì?

Síbẹ̀, mo ṣe ohun tó sọ. Mo gbé ìyókù àgbàdo àti àpò náà, mo wọ ṣáláńgá lọ. Mo fẹ́ dà á sínú ihò, kí ó má bàa sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rí. Nínú gbogbo ilé yẹn, ibẹ̀ nìkan ló ní ilẹ̀kùn tí èèyàn lè tì pa. Eṣinṣin bò mí lójú. Ìdin ń rìn lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń di imú wọ ibẹ̀, tí mò ń sáré jáde. Lọ́jọ́ yẹn, àpò wà ní ọwọ́ mi méjèèjì, mi ò lè di imú.

Mo wo ìdin wọ̀nyẹn. Mo wá rí i kedere pé kò sí ohun tó wà nínú ihò yẹn tó dọ̀tí tó mi. Mo gbé fún ẹni tó fẹ́ràn mi ohun tí èmi fúnra mi ò lè jẹ. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀ ní gbangba.

Mo fẹ́ gbàdúrà bí Wòlíì ṣe kọ́ wa, pẹ̀lú ariwo, kò wá. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé: "Olúwa, mo ń rí ara mi lára. Bí mo bá ń rí Ìwọ náà lára, mi ò bá Ọ jà."

Mo dákẹ́. Mi ò gbọ́ ohùn o. Ìmọ́lẹ̀ kankan ò tàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìmọ́lẹ̀ tàn fún òun, ẹ bi í ní ibi tó wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni pé mo mọ̀ pé mi ò dá wà mọ́. Ẹnì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, nínú òórùn yẹn, kò sì di imú. Ó mọ ohun tí mo ṣe tinú tẹ̀yìn. Kò wá láti bá mi bò ó, kò sì sá fún mi. Mo sunkún débi pé ẹni tó fẹ́ wọlé kan ilẹ̀kùn, tó bú mi, tó sì lọ.

Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbọ́ àánú Ọlọ́run ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi, mo rò pé ohun mímọ́ kan ni, tó wà fún àwọn tó mọ́. Ọmọ Ọlọ́run tí wọ́n bí síbi tí ẹran ń sùn! Ta ló kọ́ mi pé ó ń bẹ̀rù ìdọ̀tí? Ìtùnú tí Wòlíì fún mi kò mú kí n lè ṣe ohunkóhun, àfi kí n dákẹ́. Èyí tí mo rí nínú ṣáláńgá gbé mi dìde. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan, mo ya ibi tí orí òkú wà lára àpò, mo gba ọsibítù lọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá wọ ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ni màá ti jáde lọ sí bodè.

Dókítà náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́ sí i.

"Ohun tó jẹ nìyí, sà. Èmi ni mo fún un."

Ó gba àwòrán náà, ó wò ó, ó wò mí.

"Àgbàdo gbíngbìn tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pa lára nìyí! Ẹ ò rí orí òkú ni?"

"Mo rí i, sà."

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo gọ́tà. Lẹ́yìn náà ló ké sí àwọn nọ́ọ̀sì, ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n yọ omi ibà kúrò, wọ́n gbé òmíràn kọ́. Ó sọ fún mi lójú gbogbo èèyàn pé ká ní ó di ọjọ́ kejì ni, òkú ni wọn ì bá máa gbé jáde. Ó sì ní kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà má jẹ́ kí n lọ, òun ti ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mi ò sá.

Ìyá Sílífá yè. Kí n tètè sọ ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò bọ̀ sípò, kò di irun mọ́ títí ó fi kú lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo sì ń fọwọ́ mi bọ́ ọ. Ìyá mi ní Sábẹ̀ẹ́ gbọ́ òtítọ́ lórí tẹlifóònù lóṣù tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ mi, ojú títì, gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Má fi obìnrin yẹn sílẹ̀ wá sílé o." Mi ò fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì yẹn ní ọsibítù, nígbà tó lajú tó sì dá mi mọ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ṣé ìwọ náà jẹ nínú ẹ̀?" ó bi mí.

"Rárá, Ìyá."

"Kí ló dé? O mọ̀ pé májèlé ni?"

"Mi ò mọ̀ dájú. Ó ń... ó ń rí mi lára ni, Ìyá. Ojú títì ló ti wá."

Ó yí ojú sí ògiri. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kú tipiri.

Ọ̀sán ni ọlọ́pàá dé. Yorùbá ni òun náà, ó ní ìwé kékeré lọ́wọ́. Kò tíì bi mí ju ìbéèrè méjì lọ tó fi gbé orí sókè.

"Ọ̀nà ibo lo ti wá? Ìwé rẹ dà?"

Mo gbá irin bẹ́ẹ̀dì mú, mo dìde.

"Ọmọ mi ni," Ìyá Sílífá sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì kọjú sí wa.

"Màmá, kò sọ̀rọ̀ bíi tiyín."

"Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló dàgbà sí."

"Dókítà ní òun ló fún yín ní àgbàdo."

Ó yíjú padà. Itọ́ ń dà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, orí rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó wo ọkùnrin náà bí ẹni tó bí i. "Ebi ń pa wá, a gbá a lójú títì, a fọ̀ ọ́. Àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́. Ara tèmi ni kò gbà á, àgbà ti dé. Oṣù ààwẹ̀ la wà yìí, ọmọ mi. Ṣé arúgbó bíi tèmi ni yóò máa parọ́ lóṣù ààwẹ̀?"

Ọlọ́pàá náà wò ó, ó wò mí. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà," ó sì lọ.

Mo fẹ́ di ẹsẹ̀ Ìyá Sílífá mú. Ó fà á kúrò.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O rí ohun tí o mú mi ṣe? Mo parọ́ nínú Ramadáànì, èmi Àbíbátù, ní ọjọ́ alẹ́ mi." Omi dúró lójú rẹ̀. "Inú ń bí mi sí ẹ. Yóò máa bí mi fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí n kò bá ṣàánú rẹ, ojú wo ni màá fi bẹ Ọlọ́run lórí irọ́ tí mo pa yìí? Bu omi wá. Ìrun ti fẹ́ kọjá lórí mi."

Mo bu omi wá. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé e, nítorí náà èmi ni mo ṣe àlùwàlá fún un, èmi ọmọ ìjọ, ó ń sọ fún mi ohun tó kàn. Mo fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, itọ́ àti èébì gbígbẹ jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fọ imú rẹ̀, ikun dà sórí ìka mi. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ó rí mi lára. Mo ṣan ọwọ́ mi, mo ṣe ojú, apá àti orí, mo sì bu omi tí màá fi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.